Ta Ni "Ó"? Obìnrin gẹ́gẹ́ bí Olú Ẹ̀dá Ìtàn nínú Eré Orí Ẹ̀rọ



1. Ìfáárà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé irú èmi, tí mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní ìtàn, wá dúró níwájú yín láti sọ̀rọ̀ lórí eré tí àwọn ọmọ wa ń pè ní géèmù. Ṣùgbọ́n bí onímọ̀ bá lè ṣe ìwádìí lórí àlọ́, lórí ayò ọlọ́pọ́n àti lórí eré òṣùpá, n kò rí ìdí tí a ó fi fojú tẹ́ńbẹ́lú eré orí ẹ̀rọ. Nínú eré yìí, ọmọ kì í gbọ́ ìtàn akọni lásán. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń darí akọni náà. Ó ń bá a fò, ó ń bá a ṣubú, ó sì ń bá a dìde. Nítorí náà, ìbéèrè pé ta ni akọni náà kì í ṣe ìbéèrè kékeré.

Ohun tí ó gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí kò ju gbólóhùn kan ṣoṣo lọ, láti ẹnu ọmọ-ọmọ mi obìnrin. Ó jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin nídìí ẹ̀rọ ní ọjọ́ kan. Nígbà tí ó kàn án láti ṣeré, ó wo àwọn àwòrán tí a tò síwájú rẹ̀ títí, ó ní: "Bàbá àgbà, èwo ni èmi níbẹ̀?" Ọkùnrin ni gbogbo wọn. N kò rí èsì fọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé ka iwájú yín lónìí ni mo fi ń san gbèsè èsì náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé obìnrin ti wà nínú eré yìí láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí ó pẹ́ kí ó tó dé ni pé kí a fi í hàn.

2. Ẹni tí a ń gbà sílẹ̀

Ní 1981, ilé-iṣẹ́ Nintendo ti ilẹ̀ Jàpáànì gbé eré kan jáde tí ń jẹ́ Donkey Kong. Shigeru Miyamoto ni ó ṣe ètò rẹ̀. Ìtàn inú rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ìnàkí ńlá kan gbé obìnrin kan lọ sórí ilé gogoro tí a ń kọ́ lọ́wọ́, káfíńtà kan sì ń gun àkàbà tẹ̀lé e láti gbà á sílẹ̀. Káfíńtà náà ni gbogbo ayé wá mọ̀ sí Mario lónìí. Obìnrin náà kò tilẹ̀ ní orúkọ gidi nígbà náà. Ẹ̀yìn ọ̀la ni wọ́n tó sọ ọ́ ní Pauline. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó dúró sókè kí ó máa ké gbà mí. Nígbà tí Super Mario Bros. jáde ní 1985, ọmọbìnrin ọba ni ó kàn láti jí gbé.

Síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ sọ pé àwọn tí ń ṣe eré kò ro ti obìnrin rárá. Toru Iwatani, ẹni tí ó ṣe Pac-Man ní 1980, ti ṣàlàyé pé òun fẹ́ eré tí yóò fa àwọn obìnrin wọ ilé eré tí ọkùnrin kún fọ́fọ́. Ní 1982, Ms. Pac-Man jáde ní Amẹ́ríkà. Ní ti gidi, ọkùnrin àná náà ni wọ́n so ríbọ́n mọ́ lórí, tí wọ́n sì kùn ní ètè. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Ní ọdún kan náà, Carol Shaw kọ eré River Raid fún ilé-iṣẹ́ Activision. Obìnrin ni òǹkọ̀wé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú ni a ń darí nínú rẹ̀. Ní 1988 ni Roberta Williams fi ọmọbìnrin kan, Rosella, ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú apá kẹrin King's Quest. Ẹ ó rí i pé obìnrin kò jìnnà sí ìdí iṣẹ́ náà.

3. Ẹni inú ẹ̀wù irin

Eré tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò fínnífínní ni Metroid, tí Nintendo gbé jáde ní Jàpáànì ní oṣù kẹjọ ọdún 1986, tí ó sì dé Amẹ́ríkà ní 1987. Jagunjagun kan tí ń jẹ́ Samus Aran ni a ń darí nínú rẹ̀. Ẹ̀wù irin bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Òun nìkan ni ó wọ inú ilẹ̀ lọ bá àwọn ọ̀tá jà. Ìwé ìtọ́ni tí ó bá eré náà wá ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ń pe Samus ní "he", arọ́pò-orúkọ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń tọ́ka sí ọkùnrin. Kò sí ìdí tí ẹni tí ń ṣeré yóò fi rò ó sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí onítọ̀hún bá já fáfá, tí ó parí eré náà láàárín wákàtí mélòó kan, Samus yóò ṣí àṣíborí rẹ̀ ní ìparí: obìnrin ni.

Àwọn tí ó ṣe eré náà ti sọ pé èrò yìí kò sí nínú ètò wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ti ń lọ kí ọ̀kan nínú wọn tó dá a lábàá pé yóò dùn bí ẹni inú ẹ̀wù náà bá jẹ́ obìnrin. Àbá náà dára, ó sì gba ìgboyà. Síbẹ̀, ohun méjì wà tí kò yẹ kí a gbójú fò. Èkíní ni pé irọ́ ni ìwé ìtọ́ni náà pa, èdè ni ó sì fi pa á. Èkejì ni pé bí ẹni tí ń ṣeré bá ti yára tó ni aṣọ ara Samus ń dín kù tó ní ìparí eré. Ara rẹ̀ di ẹ̀bùn tí a fi ta ẹni tí ó borí lọ́rẹ. Nígbà tí ó ń jagun, ọkùnrin ni a pè é. Nígbà tí a wá gbà pé obìnrin ni, ó ti di ìran wíwò.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1996, ilé-iṣẹ́ Core Design ní ìlú Derby, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Tomb Raider jáde. Ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe akọni rẹ̀. Toby Gard, ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀, ni ó yí i padà di Lara Croft. Wọn kò fi òun pamọ́ sínú ẹ̀wù irin. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ni ó ra eré náà, tí ó fi hàn gbangba pé ọjà akọni obìnrin ń tà. Ṣùgbọ́n àwọn olùpolówó ọjà kò dẹ́kun àtimáa fi àyà rẹ̀ àti itan rẹ̀ tajà. Ó di 2013, nígbà tí wọ́n tún ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti orísun, tí obìnrin kan, Rhianna Pratchett, sì jẹ́ olórí àwọn tí ó kọ ọ́, kí Lara tó fara jọ ènìyàn tí òtútù lè mú.

4. Yíyàn tí a kò fi hàn

Ọ̀nà kejì wà yàtọ̀ sí pé kí a kọ ìtàn fún obìnrin nìkan: kí ẹni tí ń ṣeré fúnra rẹ̀ yàn bóyá ọkùnrin ni òun yóò jẹ́ tàbí obìnrin. Ní 1988, nínú Super Mario Bros. 2 tí ó jáde ní Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin ọba tí a máa ń gbà sílẹ̀ di ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí a lè yàn. Ní ti Pokémon, ọmọkùnrin nìkan ni a lè jẹ́ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Ó di Pokémon Crystal ní ìparí ọdún 2000 kí a tó lè yan ọmọbìnrin.

Àpẹẹrẹ tí ó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù lọ ni Mass Effect, tí ilé-iṣẹ́ BioWare ti ilẹ̀ Kánádà gbé jáde ní 2007. Ọ̀gágun Shepard ni olú ẹ̀dá ìtàn rẹ̀. Bí ó bá wù ọ́, kí o fi ṣe ọkùnrin, kí o gbọ́ ohùn Mark Meer. Bí ó bá wù ọ́, kí o fi ṣe obìnrin, kí o gbọ́ ohùn Jennifer Hale. Ọ̀kan kò dín sí èkejì nínú ìtàn náà. Ṣùgbọ́n ojú páálí eré àkọ́kọ́ àti ti èkejì, Shepard ọkùnrin nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ní 2011, ilé-iṣẹ́ náà sọ pé nínú 100 ènìyàn tí ń ṣe eré náà, 18 péré ni ó ń yan obìnrin. Àwọn kan ní, ẹ ò rí i pé àwọn ènìyàn kò fẹ́ obìnrin? Èmi a máa dáhùn pé, ta ni ó ti ọjà sí abẹ́ àtẹ, tí ó wá ń sọ pé ẹnikẹ́ni kò rà á? Nígbà tí apá kẹta jáde ní 2012, páálí rẹ̀ ṣeé yí padà, obìnrin sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún àwọn eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé jáde ní 2021, iye tí ilé-iṣẹ́ náà kéde ti di 32 nínú 100. N kò sọ pé páálí nìkan ni ó fà á, nítorí ayé pàápàá ti yí padà láàárín ọdún wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé iye àkọ́kọ́ náà kì í ṣe àbùdá ọmọ ènìyàn.

Àwíjàre mìíràn ni ti owó. Ní 2014, aṣojú ilé-iṣẹ́ Ubisoft sọ pé kí a fi obìnrin kún àwọn tí a lè darí nínú Assassin's Creed Unity yóò sọ iṣẹ́ di ìlọ́po méjì. Jonathan Cooper, tí ó ti bá wọn ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, fèsì pé iṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì ni. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ kan náà jẹ́ kí a yan Kassandra tàbí Alexios nínú Odyssey. Ṣùgbọ́n ní 2020, Bloomberg ròyìn pé Kassandra nìkan ni àwọn òṣìṣẹ́ fẹ́ fi ṣe olú ẹ̀dá ìtàn, kí àwọn ọ̀gá tó ní kò ṣeé ṣe. Nígbà tí FIFA 16 mú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin wọlé ní 2015, orílẹ̀-èdè 12 ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Nàìjíríà kò sí lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin wa kò tíì pa Ife Àgbáyé kan jẹ láti 1991 tí ó ti bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ eré ni, kò lè mú ewu wá. Anita Sarkeesian, tí ó ń ṣe àlàyé lórí bí a ti ń ṣe àfihàn obìnrin nínú géèmù, ní láti fagi lé ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ sọ ní Utah State University ní oṣù kẹwàá 2014, nítorí ẹnìkan kọ̀wé pé òun yóò pa àwọn tí ó bá wá gbọ́ ọ. Inú yàrá bí irú èyí tí a jókòó sí yìí ni wọn ì bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà.

5. Ohun tí ó wà ní ilé wa

Kí a tó júwe ilé onílé, ẹ jẹ́ kí a wo tiwa. Èdè Yorùbá kò ní irú arọ́pò-orúkọ tí ìwé ìtọ́ni Metroid fi tan ènìyàn. "Ó" ni fún ọkùnrin, "ó" ni fún obìnrin. Ní 2012, bàbá kan tí ń jẹ́ Mike Hoye ń ka ọ̀rọ̀ inú eré Zelda kan fún ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré. Ó wọ inú eré náà lọ, ó sì ń yọ arọ́pò-orúkọ ọkùnrin kúrò, ó ń fi ti obìnrin rọ́pò, kí ọmọ rẹ̀ lè jẹ́ akọni. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, mo yangàn. Mo ní baba Yorùbá kò ní wahala bẹ́ẹ̀.

Ni mo bá dán an wò. Mo pa ìtàn Samus ní àlọ́ fún àwọn ọmọ-ọmọ mi méjèèjì, "ó" nìkan ni mo ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo wá bi wọ́n pé irú ènìyàn wo ni jagunjagun yìí. Ọmọkùnrin ní ọkùnrin ni. Ọmọbìnrin, èyí tí ó bi mí ní ìbéèrè níjọ́sí, ní ọkùnrin ni. Ojú tì mí. Èdè mi kò pa irọ́, síbẹ̀ irọ́ náà ni àwọn ọmọ gbọ́.

Níbo ni wọ́n ti gbọ́ ọ? Lọ́dọ̀ wa ni. Bí obìnrin bá ṣe ohun ńlá, a ní "obìnrin bí ọkùnrin", a sì rò pé a yìn ín. Àwọn ọdẹ tí Fágúnwà rán lọ sí Òkè Láńgbòdó nínú ìwé rẹ̀ ti 1938, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Lúwo, obìnrin, jọba gẹ́gẹ́ bí Ọọ̀ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà "ọba" kò sọ bóyá akọ ni tàbí abo. Ọmọ tí ó bá ka orúkọ àwọn Ọọ̀ni lọ gbuurugbu, tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún un, yóò gbójú fo Lúwo, gẹ́gẹ́ bí a ti gbójú fo Samus nínú ẹ̀wù irin.

6. Ìgúnlẹ̀

Àwọn baba wa ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà ti kú ni. Òwe rere ni, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un: kí a sọ ẹni tí ó pa á. Bí a kò bá sọ ọ́, ẹni tí ó rí i ni wọn yóò máa yìn.

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní Èkó ti ń ṣe eré orí ẹ̀rọ tiwọn báyìí. Ìmọ̀ràn mi fún wọn kò pọ̀. Kí wọ́n jẹ́ kí a lè yàn; ṣùgbọ́n kí wọ́n rántí pé ohun tí a kò gbé síta, a kò tíì fún ẹnikẹ́ni láǹfààní láti yàn án. Kí obìnrin wà lójú páálí, kí ó wà nínú ìpolówó, kí ó sì ní orúkọ. Kí àwa olùkọ́ àti òbí náà, nígbà tí a bá ń pàlọ́, sọ ọ́ jáde pé obìnrin ni akọni yìí, kí a má fi í sílẹ̀ fún "ó" láti sọ fún wa.

Èsì tí mo wá fún ọmọ-ọmọ mi nìyẹn. Nígbà tí mo sọ fún un pé obìnrin ni Samus, ó ní kí n tún àlọ́ náà pa láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo tún un pa.