Súpákọ́ńdọ́tọ̀ oníníkẹ́lì

Súpákọ́ńdọ́tọ̀ oníníkẹ́lì jẹ́ àdàpọ̀ níkẹ́lì àti ọ́ksíjìn pẹ̀lú àwọn mẹ́tàlì mìíràn, tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá láìsí ìdènà kankan nígbà tó bá tutù gidigidi. Danfeng Li, Harold Hwang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Stanford, Amẹ́ríkà, ló kéde rẹ̀ ní ọdún 2019, nínú Nd0.8Sr0.2NiO2 tí wọ́n ṣe ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ní nǹkan bí 9 sí 15 K.

Ọ́ksáìdì bàbà ti ní irú agbára yìí láti ọdún 1986. Aládùúgbò bàbà ni níkẹ́lì nínú tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì, ẹ̀lẹ́ktrọ́nì 9 ló sì wà ní ipò 3d àwọn méjèèjì nínú àwọn àdàpọ̀ wọ̀nyí. Ṣé ìbejì ni wọ́n, àbí ìrísí lásán ló jọra?

Ìtànṣán X ni wọ́n fi wádìí èyí. Irú átọ̀mù kọ̀ọ̀kan ló ní ìwọ̀n agbára ìtànṣán tí ó máa ń fà mu. Nítorí náà a lè bi níkẹ́lì ní ìbéèrè lọ́tọ̀, kí a bi ọ́ksíjìn lọ́tọ̀. Ní ọdún 2020, Matthias Hepting àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ sí LaNiO2 àti NdNiO2. Wọ́n rí i pé àjọṣe ẹ̀lẹ́ktrọ́nì níkẹ́lì pẹ̀lú ti ọ́ksíjìn kò lágbára tó ti bàbà. Ó tún ń dàpọ̀ mọ́ ti lanthanum tàbí neodymium, bẹ́ẹ̀ ìpele tó wà láàárín ìpele bàbà kì í dá sí ọ̀rọ̀ náà rárá. Síbẹ̀, ní ọdún 2021, ìtànṣán X tó tú jáde padà láti ara NdNiO2 fi ìgbì mágnẹ́ẹ̀tì hàn, tó jọ ti ọ́ksáìdì bàbà gan-an.