Ìrìn-òun-ìrònú

Ìrìn-òun-ìrònú ni ìdárayá tí arúgbó tí iyè rẹ̀ ń rá fi ń gbé ẹsẹ̀ tí ó sì ń lo ọpọlọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ Umeå ní ilẹ̀ Sweden wò nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1997, nígbà tí wọ́n rí i pé, nínú arúgbó 58, àwọn 12 a máa dúró bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, àti pé 10 nínú àwọn 12 náà ni ó ṣubú láàárín oṣù 6. Ní ìlú Obu, ní ilẹ̀ Jàpáàn, àwọn onímọ̀ ìtọ́jú àgbà ṣe irú ìdárayá ìrìn-òun-ìrònú kan tí a ń pè ní Cognicise: àgbàlagbà a máa gbé ẹsẹ̀, a máa ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta, a sì máa pàtẹ́wọ́ nígbàkígbà tí kíkà bá dé ẹẹ́ta. Bí ó bá ṣì í, kò burú rárá. Bí ó bá mọ̀ ọ́n tán, a yí i padà, nítorí ọpọlọ tí kò ṣe làálàá kì í jèrè níhìn-ín. Ìrìn-òun-ìrònú kò wo àrùn iyè sàn, ṣùgbọ́n a máa fún ìrìn ní ìdúróṣinṣin. Kí olùtọ́jú má ṣe jìnnà sí arúgbó náà.