Ta Ló Dá Ilé Àkọsílẹ̀ Ọba Gẹ̀ẹ́sì Sílẹ̀?

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2038, ilé àkọsílẹ̀ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò pé 200 ọdún, bí a bá ń kà á láti ọjọ́ tí òfin tó gbé e kalẹ̀ jáde lọ́dún 1838. Ayẹyẹ náà ń sún mọ́lé, mo sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé oyè olùdásílẹ̀ fún ẹni tí kò tọ́ sí. Òfin 1838 kò dá ilé kankan sílẹ̀. Ó kàn kó ìwé tó ti fọ́n káàkiri Lọ́ńdọ́ọ̀nù sábẹ́ àbójútó ẹnìkan ni. Ilé ọ̀hún ti wà láti ọdún 1199, Hubert Walter, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Canterbury, ló sì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀.

Àwa tí a fi ìtọ́jú ìwé ìjọba ṣe iṣẹ́ jẹun ní Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú ìtàn yìí. Lọ́dún 1954 tí Kenneth Dike bẹ̀rẹ̀ ilé àkọsílẹ̀ Nàìjíríà, ìwé tí Hilary Jenkinson, òṣìṣẹ́ ilé àkọsílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Chancery Lane, kọ lọ́dún 1922 ni àwọn olùtọ́jú ìwé fi ń kọ́ṣẹ́ káàkiri ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Nítorí náà, bí mo bá pe Hubert Walter ní baba ńlá wa nídìí iṣẹ́ yìí, n kò fi ara mi mọ́ ìdílé onídìílé.

Kó tó di àsìkò rẹ̀, bí lẹ́tà ọba bá ti gba èdìdì, ó ti bá tirẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹni tó gbà á ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ààfin kì í tọ́jú ẹ̀dà. Bí ayédèrú bá wá dé lẹ́yìn ogún ọdún, kí ni wọ́n fẹ́ fi tú u fó? Lọ́dún 1195, nígbà tí Hubert ń ṣàkóso ìlú fún Ọba Richard, ó pàṣẹ pé ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ ní ẹ̀dà méjì níwájú adájọ́ gbọ́dọ̀ di mẹ́ta, kí ẹ̀kẹta máa gbé inú ilé ìṣúra. Theobald, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ irú rẹ̀ fún. Àwọn kan lè fi èyí bú u. Lójú tèmi, ẹni tó fi ara ilé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ohun tuntun kò fi ọmọ ẹlòmíì dán an wò.

Ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún ọdún 1199, òun ló dé Ọba John ládé, ọjọ́ náà gan-an ló sì di olórí Ilé Akọ̀wé Ọba, tí wọ́n ń pè ní Chancery. Láti ọdún náà ni àwọn akọ̀wé ti ń da ìwé àṣẹ ọba kọ sórí awọ àgùntàn, wọ́n á rán awọ kan mọ́ ìdí èkejì, wọ́n á wá ká a jọ. Lẹ́tà gbangba tẹ̀lé e lọ́dún 1201, lẹ́tà àdìpa lọ́dún 1204. Ìlú tí ọba fún ní ọjọ́ ọjà wà nínú rẹ̀. Àlùfáà tí ọba yàn sí ìjọ kan wà nínú rẹ̀. Nígbà tí Edward Kìíní sì gbé owó bodè ṣílè 6 àti pẹ́nì 8 lé àpò irun àgùntàn kọ̀ọ̀kan lọ́dún 1275, Chancery náà ló ń kọ ìwé àṣẹ fún àwọn tó ń gba owó náà ní èbúté. Ìwé kíká lẹ́tà gbangba kò tíì dáwọ́ dúró títí dòní.

Àwọn tó ń ṣe ti Ilé Ìṣúra Ọba kò gbà. Wọ́n ní ìwé ìṣírò owó tiwọn ti ọdún 1130 ṣì wà, pé láti 1156 títí di 1832 ni wọ́n ń kọ ọ́ lọ́dọọdún, pé ọwọ́ wọn náà ni Domesday ti ọdún 1086 wà. Mo ti gbọ́ tẹnu wọn, n kò sì ní gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni: àwọn ni àgbà. Ṣùgbọ́n ohun tó wọlé fún ọba ni wọ́n ń kọ, ta ló jẹ ẹ́, èló ló san. Ìwé gbèsè kò tíì di ìtàn ìlú. Ilé Akọ̀wé ló ń kọ ohun tí ọba sọ lójoojúmọ́ àti ẹni tó sọ ọ́ fún.

Ibi ìbànújẹ́ ni ilé wa ti rí ibùgbé, kò sì yẹ ká fi í pamọ́. Henry Kẹta kọ́ ilé kan lọ́dún 1232 fún àwọn Júù tó di Kristẹni. Edward Kìíní lé gbogbo Júù kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1290, ilé náà sì ń dá páropáro. Lọ́dún 1377 ni Edward Kẹta fi fún olùtọ́jú ìwé kíká. Òpópónà ibẹ̀ ni Chancery Lane.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1381, àwọn àgbẹ̀ dìde nítorí owó orí. Owó náà ni wọ́n lára lóòótọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n dáná sun ìwé yunifásítì láàárín ọjà ní Cambridge, wọ́n sun ìwé àṣẹ àwọn mọ́ǹkì ní St Albans, wọ́n wọ Ilé-Ìṣọ́ Lọ́ńdọ́ọ̀nù, wọ́n sì bẹ́ orí Simon Sudbury, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà tó jẹ́ olórí Ilé Akọ̀wé nígbà tí rògbòdìyàn bẹ̀rẹ̀. Ìwé kíká Ọba John la ọjọ́ náà já.

Ogun tó wù mí jù nínú ìtàn yìí kò ní ọfà, kò ní ìbọn. William Prynne ló jà á. Agbẹjọ́rò ni, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ò sì fẹ́ rí i sójú. Ilé ẹjọ́ Charles Kìíní gé e létí lọ́dún 1634. Kò dákẹ́. Wọ́n tún gé kùkùté tó ṣẹ́kù lọ́dún 1637, wọ́n fi irin gbígbóná tẹ àmì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Charles Kejì, ọmọ ọba yẹn, ló wá fi í ṣe olùtọ́jú ìwé nínú Ilé-Ìṣọ́ lẹ́yìn tó gorí àléfà lọ́dún 1660. Prynne dé ibẹ̀, ó bá ìwé àwọn ọba nílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìjọsìn White Tower, nínú òkùnkùn, tí eruku àti òwú aláǹtakùn bò wọ́n. Ó háyà ṣọ́jà, ó háyà obìnrin, pé kí wọ́n kó wọn jáde kí wọ́n sì nù wọ́n. Iṣẹ́ sú wọn, wọ́n fi í sílẹ̀. Prynne, tó ti lé ní 60 ọdún, kó àwọn akọ̀wé rẹ̀ lẹ́yìn, ó sì bọ́ sínú eruku náà fúnra rẹ̀. Ó rí ìwé ìpè sí Ilé Aṣòfin tí ojú ti kúrò lára wọn tipẹ́, ó sì ti tẹ̀ wọ́n sínú ìwé nígbà tó fi di 1662. Ẹni tí ìjọba gé létí ló gba ìwé ìjọba là. N kò rí akọni tó jù ú lọ nínú gbogbo ìdílé yìí.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1834, igi ìṣírò gbèsè àtijọ́ ti Ilé Ìṣúra ni wọ́n ń jó nínú ààrò tó wà lábẹ́ Ilé Aṣòfin, tí iná fi ran ilé náà. Kí àwọn tó ń fi Ilé Ìṣúra yangàn má gbàgbé èyí. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni òfin jáde. Lord Langdale ni olórí, Francis Palgrave ni igbákejì tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an, títí di 1861. Thomas Duffus Hardy tẹ̀lé e títí di 1878, William Hardy àbúrò rẹ̀ títí di 1886, Henry Maxwell Lyte fún 40 ọdún gbáko, A. E. Stamp láti 1926, Cyril Flower láti 1938, Jenkinson tiwa láti 1947 títí di 1954, David Evans lẹ́yìn rẹ̀. James Pennethorne ló ya àwòrán ilé Chancery Lane, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́dún 1851.

Wọ́n ṣí ilé tuntun fún àwọn ìwé náà ní Kew lọ́dún 1977, orúkọ ilé àkọsílẹ̀ náà sì yí padà lọ́dún 2003. Kew náà ni lẹ́tà àwọn gómìnà Èkó wà, láti ọdún 1861 tí Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí pé ilé kan ti kọ́ àṣà títọ́jú ìwé láti ọjọ́ pípẹ́ ni ọmọ Èkó fi lè ka ohun tí wọ́n kọ nípa baba rẹ̀ lónìí.

Ohun tí mo ń béèrè fún 2038 kò pọ̀. Kí wọ́n kọ 839 ọdún síbi tí wọ́n fẹ́ kọ 200 sí, kí orúkọ Hubert Walter ṣáájú ti Langdale, kí ti Prynne sì tẹ̀lé e.