Ọ̀ṣọ́ Ara Táńkì Alùpùpù

 

Bí ẹ bá dúró ní ẹ̀bá ọ̀nà tí ó ti Ifangni lọ sí Igolo, ẹ ó rí alùpùpù tí ń lọ, tí ń bọ̀. Ẹ má wo ẹni tí ó gùn ún. Ẹ wo táńkì epo rẹ̀. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń dán wà lára òmíràn. Rọ́bà dúdú wà lára òmíràn. Òmíràn sì ní bébà alálẹ̀mọ́ tí a kọ orúkọ Ọlọ́run sí. Níbo ni ọ̀ṣọ́ yìí ti wá? Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí nìyẹn.

Ní ọdún 1885, ará Jámánì méjì, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach, fi ẹ́ńjìnnì sí ara kẹ̀kẹ́ onígi kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka kẹ̀kẹ́ náà sí alùpùpù elépo àkọ́kọ́. Kò sí ọ̀ṣọ́ lára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, táńkì alùpùpù dàbí àpótí pẹlẹbẹ tí a há sí abẹ́ ọ̀pá irin. Láàárín 1920 sí 1930, àwọn tí ń ṣe alùpùpù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé táńkì gun orí ọ̀pá náà, bí gàárì ti ń wà lẹ́yìn ẹṣin. Táńkì wá hàn gbangba. Ìṣòro mẹ́ta sì yọjú.

Èkíní, orúnkún ẹni tí ń gùn ún ń ha ọ̀dà. Wọ́n fi rọ́bà sí ibẹ̀.

Èkejì, irin méjì ni wọ́n jó pọ̀ di táńkì, ojú ìjópọ̀ sì hàn bí àpá. Wọ́n fi irin dídán tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó.

Ẹ̀kẹta, bí wọ́n bá kun ọ̀dà oríṣi méjì, ibi tí ọ̀dà méjèèjì ti pàdé kì í gún régé. Ní 1957, ilé-iṣẹ́ Triumph fi irin dídán pààlà sí àárín wọn.

Ẹ rí i pé ọ̀ṣọ́ náà kì í ṣe fún afẹ́ nìkan. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe.

Nílẹ̀ wa ńkọ́? Àwọn àgbà rántí Mobylette, tí àwọn Faransé bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ní 1949. Nígbà tí ó di àwọn ọdún 1980, owó wọ́n, iṣẹ́ ìjọba sì wọ́n. Ní 1989 ìjọba bá Báǹkì Àgbáyé ṣe àdéhùn láti dín ìnáwó kù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tí ó kàwé, bẹ̀rẹ̀ sí fi alùpùpù gbé èrò. Àwọn Fọ̀n pè é ní zemidjan, ìyẹn ni pé, gbé mi kíákíá.

Yamaha Mate àlòkù ni ọ̀pọ̀ wọn kọ́kọ́ gùn. Abẹ́ ìjókòó ni táńkì rẹ̀ wà, kò sí àyè ọ̀ṣọ́. Nígbà tí alùpùpù Íńdíà bíi Bajaj, àti ti Ṣáínà, wọ ọjà, táńkì padà sí iwájú. Onílùpùpù wá rí ibi tí yóò kọ orúkọ àti àdúrà rẹ̀ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ohun tí ó wà nínú táńkì náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná sọ níbi tí wọ́n kó epo kpayo pamọ́ sí ní Sèmè-Podji. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tí ó kú. Epo inú ìgò yẹn àti epo inú táńkì yín, ọ̀kan náà ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀ṣọ́ sí táńkì, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ má lu táńkì. Ẹ má jó irin mọ́ ọn. Táńkì tí a ti da epo inú rẹ̀ nù tún léwu ju èyí tí ó kún lọ, nítorí pé òórùn epo àti afẹ́fẹ́ ti dàpọ̀ nínú rẹ̀. Ìtapàrà kan ṣoṣo tó láti bú u gbàmù.

2. Ẹ lo ọ̀ṣọ́ alálẹ̀mọ́. Ẹ fi omi ọṣẹ fọ ibẹ̀, kí ó gbẹ dáadáa. Ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n, kí ẹ fi ẹfun sàmì sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí.

3. Ẹ má dí ihò kékeré tí ó wà lára ìdérí táńkì. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Bí ó bá dí, epo kò ní sàn, alùpùpù yóò sì kú lójú ọ̀nà.

4. Bí etí ọ̀ṣọ́ bá ṣí, ẹ tètè tún un lẹ̀. Omi òjò tí ó bá há sábẹ́ rẹ̀ yóò dípẹtà, ìpẹtà yóò sì lu táńkì.

Ọ̀ṣọ́ àtijọ́ ń dáàbò bo táńkì. Kí ti wa má ṣe bà á jẹ́, kí ó má sì gba ẹ̀mí wa.

Ẹ jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí nínú ẹgbẹ́ yín: Kí ni wọ́n kọ sí ara táńkì ní abúlé yín? Ta ni ó lè kà á fún wa?