Sífílíìsì Nínú Yàrá AOL, San Francisco, 1999

Ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà la ń lọ lónìí, ọdún 1999. Kò tíì sí Facebook, kò sí WhatsApp. Yàrá ìtàkùrọ̀sọ AOL ló gbòde.

Lóṣù Keje sí Ẹjọ, ẹ̀ka ìlera ìlú náà rí i pé sífílíìsì mú ọkùnrin méje tí wọ́n ń fẹ́ ọkùnrin bíi tiwọn. Ọ̀rọ̀ wọn já sí yàrá AOL kan náà, SFM4M.

Sífílíìsì kì í ṣe àtọ̀sí o, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Egbò tí kì í dunni ló sábà fi ń bẹ̀rẹ̀. Egbò náà á san fúnra rẹ̀, ẹni tó ní in á rò pé ó ti tán, àrùn ṣì wà lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ pẹnisílìn ló ń wò ó. Ìdí nìyí tí òṣìṣẹ́ ìlera fi máa ń béèrè pé: ta lẹ bá lò pọ̀, kí ni nọ́ńbà rẹ̀? Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ìnagijẹ orí ayélujára nìkan ni wọ́n mọ̀. Báwo lẹ ṣe fẹ́ kanlẹ̀kùn ìnagijẹ?

AOL kọ̀ láti fi orúkọ gidi sílẹ̀, àṣírí oníbàárà ni. Èmi ò bá wọn jà. Títí di 2003, òfin àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ṣì ka irú ìbálòpọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Orúkọ tó jáde fún dókítà lónìí, ta ló máa dé ọwọ́ rẹ̀ lọ́la?

Ohun tí wọ́n wá ṣe ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n lọ bá PlanetOut, ilé-iṣẹ́ orí ayélujára tó jẹ́ ti àwọn ènìyàn náà gan-an. Àwọn yẹn ló bá wọn mú ọ̀rọ̀ dé inú yàrá ọ̀hún: sífílíìsì ti wọlé, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Nínú àwọn tí aláìsàn dárúkọ, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n kàn sí tí wọ́n sì mọ̀ dájú pé ó ṣe àyẹ̀wò. Kò tó ìdajì, àmọ́ ìnagijẹ lásán ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Àrùn náà ò dúró. Ní 2002, ìlú gbé ìpolówó ẹlẹ́fẹ̀ jáde: àwòrán kinní ọkùnrin tó ń rìn kiri, pẹ̀lú egbò pupa kan tó ń jẹ́ Phil. (Ìyá mi ò gbọdọ̀ gbọ́ abala yìí.) Ìwádìí tó jáde ní 2006 fi hàn pé àwọn tó mọ ìpolówó náà lọ ṣe àyẹ̀wò ju àwọn tí kò mọ̀ ọ́n lọ.

Ní 2004, inSPOT dé. Nígbà náà, èèyàn á mú káàdì lórí ìkànnì náà, á fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá lò pọ̀, kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹni tó bá fẹ́ nígbà náà lè fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ó sì lè má fi sí i.