Àrọ̀ Kì í Ṣe “Catfish”: Ohun tí Mo Gbọ́ Létí Adágún Ẹja ní Mississippi

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ tí ẹ máa ń bi mí pé kí ni mò ń fi ìfẹ̀yìntì ṣe, ẹ wá gbọ́ o. Nígbà tí mo lọ kí ọ̀kan nínú yín ní Mississippi, ibi tó mú mi lọ lọ́jọ́ Sátidé kì í ṣe láíbúrárì. Adágún ẹja ni. Àwọn tó ni ín ti kó ẹja sínú rẹ̀. Ẹni tó bá wá á ju ìwọ̀ sómi, ohun tó bá fà jáde, wọn á gbé e sórí òṣùwọ̀n, á sì sanwó iye páùn tó bá wọ̀n. Òfin kan ló le níbẹ̀: ẹja tó o bá ti fà jáde, o ò gbọdọ̀ dá a padà sómi. O ti rà á nìyẹn. Mo ti fa méjì kí òfin yìí tó yé mi, ọmọ yín sì ń fi mí rẹ́rìn-ín: “Prof, ẹ rọra o, owó lẹ̀ ń fà jáde yẹn.”

Bàbá òyìnbó tó ni adágún bi mí bóyá irú ẹja yìí wà lọ́dọ̀ wa. Mo ní ó wà dáadáa, àrọ̀ là ń pè é, a tiẹ̀ ń sìn ín. Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń dé ilé ọtí, tí a ó nàka sí èyí tó wù wá láàyè nínú omi, kí wọ́n tó pa á, kí wọ́n sì fi ata sè é. Ó ní kí n fi fọ́tò rẹ̀ hàn òun. Mo fi hàn án lórí fóònù. Ó wò ó títí, ó mirí, ó ní, “Ìyẹn kì í ṣe catfish.”

Mo rò pé àwàdà ni. Àṣé òfin ilẹ̀ wọn ló ń kà fún mi.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Òwú ni wọ́n mọ Mississippi Delta mọ́, àwọn adúláwọ̀ ló sì gbin òwú náà, nínú ẹrú àti lẹ́yìn ẹrú. Ṣùgbọ́n apá kan ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ amọ̀ líle tí òwú kò fẹ́ràn. Ohun tí amọ̀ yẹn mọ̀ ọ́n ṣe ni kó di omi mú, omi abẹ́ ilẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1960 ni àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ padà sí adágún, tí wọ́n ń sin ẹja tí sáyẹ́ǹsì ń pè ní Ictalurus punctatus. Kí ilé-iṣẹ́ tó ń gé ẹja tó pọ̀, irú adágún tí mo jókòó tì yìí wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí oníbàárà jù: ọkọ̀ akẹ́rù á gbé ẹja láàyè nínú táǹkì omi, á lọ tú u sínú adágún ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ apẹja. Kí ẹnikẹ́ni má fojú kékeré wo òṣùwọ̀n yẹn o. Ó wà lára ohun tó fi ẹsẹ̀ òwò náà múlẹ̀.

Oúnjẹ tálákà àti ti adúláwọ̀ ni àwọn ènìyàn ka ẹja yìí sí tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ìsàlẹ̀ ẹrẹ̀ ló ti ń jẹun. Àwọn olóko wá ń fi àgbàdo àti sóyà ṣe oúnjẹ tó ń léfòó, kí ẹja máa gòkè wá jẹ ẹ́. Ní 1976 ìlú Belzoni bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ẹja. Ní 1987 Ààrẹ Ronald Reagan ya ọjọ́ 25 oṣù Kẹfà sọ́tọ̀ fún un. Nígbà tó fi di 2003, ẹja tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń gé lọ́dún kan ti lé ní 600 mílíọ̀nù páùn.

Ta ló ń gé e? Arábìnrin adúláwọ̀ tó ń wọn ẹja fún wa ti ṣiṣẹ́ nínú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, àpá iṣẹ́ abẹ wà lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì. Ọ̀bẹ kan náà, ìgé kan náà, láti àárọ̀ dalẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án 1990, àwọn òṣìṣẹ́ bíi 1,000 da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Indianola, obìnrin adúláwọ̀ ló pọ̀ jù nínú wọn. Owó ọ̀yà wà nínú ẹ̀dùn wọn. Ọwọ́ tó ń bàjẹ́ wà níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ wọn lórí ìgbà tí wọ́n lè lọ sí ilé ìtọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àgbà obìnrin! Wọ́n dúró síta títí di oṣù Kejìlá kí wọ́n tó gba àdéhùn tuntun.

Ó wá ku ti ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni mò ń bọ̀. Ẹja láti Vietnam ń wọlé, owó rẹ̀ kò pọ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n sì fi ń tà á. Òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ ti 2002 sọ pé ìdílé Ictaluridae nìkan, ìyẹn ti Amẹ́ríkà Àríwá, ni ẹnikẹ́ni lè pè ní “catfish” lọ́jà. Irú ẹja tí àwọn onímọ̀ kó sábẹ́ Siluriformes lé ní 3,000. Sẹ́nétọ̀ John McCain ta ko òfin náà, kò ràn án. Vietnam ni wọ́n ju òkò sí, ó bá àrọ̀ wa nínú odò rẹ̀.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé nígbà tí ìjọba wọn ṣe ìlànà àyẹ̀wò tuntun ní 2015, gbogbo Siluriformes ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Tó bá di ọ̀rọ̀ orúkọ, àrọ̀ kì í ṣe catfish. Tó bá di ọ̀rọ̀ ẹnubodè, ó ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú wọn! Ní 2019 wọ́n fọwọ́ sí China, Thailand àti Vietnam, Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí n kò fi gbé àrọ̀ gbígbẹ tí ọmọ yín ní kí n bá òun mú bọ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àwa fúnra wa kò fìgbà kan kó wọn pọ̀. Àrọ̀ lọ́tọ̀, òbòkún lọ́tọ̀, òjìjí tó ń gbọn ènìyàn lọ́wọ́ lọ́tọ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló wo irun ẹnu wọn, tó rí ológbò.

Ẹja 3 ni mo fà, páùn 11. Arábìnrin náà ní kí n kọ́ òun ní orúkọ tiwa. Lákọ̀ọ́kọ́ ó pè é bí aró, lẹ́ẹ̀kejì ó di àárọ̀, lẹ́ẹ̀kẹta ó bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Ó ní ṣé kí àwọn bá mi ṣà á, owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi ṣà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n má gé orí rẹ̀ sọnù. Ó ní ìyá òun náà kì í jẹ́ kí wọ́n sọ orí nù.