Kí ló dé tí SSD tuntun fi ń lọ́ra nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́?

Láti Computer Village ní Ìkẹjà títí dé àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ní Kano àti Accra, ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà sọ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ di ọ̀tun ni pé wọ́n ń yọ háàdì dísìkì rẹ̀, wọ́n sì ń fi SSD rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá da ohun tó wà lórí ti àtijọ́ kọ sórí tuntun bó ṣe wà, àṣìṣe kan lè bá a wọlé: ìpín inú rẹ̀ kò ní bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ.

Níbo ni ìṣòro náà ti wá?

Háàdì dísìkì àtijọ́ pín àyè rẹ̀ sí ẹ̀ka kéékèèké tí wọ́n ń pè ní sector, 512 byte ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Windows XP àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ìpín àkọ́kọ́ ní sector 63, èyí tó jẹ́ byte 32,256. Kò fa wàhálà kankan nígbà náà.

SSD yàtọ̀. Ojú ewé ló fi ń kọ nǹkan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 4,096 byte tàbí ìlọ́po rẹ̀. Bí ìpín bá bẹ̀rẹ̀ ní 32,256, dátà tó yẹ kó wọ ojú ewé kan yóò gun méjì, bí ọkọ̀ tí awakọ̀ gbé sórí ìlà láàárín àyè ìgbọ́kọ̀sí méjì. SSD yóò wá tún méjèèjì kọ. Iṣẹ́ a pọ̀ sí i, ẹ̀rọ tí kò ṣeé kọ nǹkan sí láìlópin a sì tètè gbó.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀?

Lórí Windows, kí ó ṣí msinfo32, kí ó lọ sí Components, Storage, lẹ́yìn náà Disks, kí ó sì wo nọ́ńbà Partition Starting Offset. Kí ó fi 4,096 pín in. 1,048,576 yóò fúnni ní 256 gééré, kò sí ìṣòro. 32,256 yóò fúnni ní 7.875: ìpín náà ti yẹ̀ nìyẹn.

Kí ni àtúnṣe rẹ̀?

Èyí tó dájú jù ni kí wọ́n kó fáìlì pamọ́ síbòmíràn, kí wọ́n pa ìpín àtijọ́ rẹ́ pátápátá, kí wọ́n sì fi Windows sí i lákọ̀tun. Láti ìgbà Windows Vista, ètò náà ti ń bẹ̀rẹ̀ ìpín ní 1,048,576 fúnra rẹ̀. Fọ́ọ̀mátì nìkan kò tó, nítorí kò ṣí ìbẹ̀rẹ̀ ìpín nípò.

Ẹni tí kò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lè lo GParted, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, láti orí USB: kí ó yan Resize/Move, kí ó dín ìpín náà kù díẹ̀, kí ó fi 1 sí Free space preceding, kí ó sì fi Align to sí MiB. Gbogbo dátà ni yóò ṣí nípò, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí iná bá lọ láàárín, ìpín náà lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ ti kú, bí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ṣe rí, kò yẹ fún iṣẹ́ yìí láìsí UPS. Bí Windows bá kọ̀ láti ṣí lẹ́yìn náà, Startup Repair tó wà lórí dísìkì rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú.